Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́ la aṣálẹ̀ kọjá: Ìtàn Àjàlá, ọmọ Guinea kan, àti ohun tí Ìdèrè mọ̀ nípa omi

Kí ọ̀kadà tó gba gbogbo títì, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹṣin àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ẹni tó bá ń ti Ìdèrè lọ sí Igbó-Ọrà, tàbí tó fẹ́ kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti oko wá sílé, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló máa di ẹrù rẹ̀ sí, yóò sì máa wà á lọ díẹ̀díẹ̀. Òòrùn Ìbàràpá kì í ṣe kékeré lóṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún, nígbà tí koríko ti gbẹ tán tí òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá gbẹ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó mọ̀ pé abúlé kan wà níwájú, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ti kí wọn níbẹ̀, wọn yóò bu omi fún òun mu kí wọ́n tó béèrè ibi tí òun ń lọ.

Bí kò bá wá sí abúlé kankan níwájú ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé iyanrìn àti òkúta nìkan ló wà níbẹ̀ fún 200 kìlómítà, tí kò sí igi, tí kò sí odò, tí òòrùn sì ń ràn bí iná alágbẹ̀dẹ? Àwọn èèyàn wà lágbàáyé tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ wọn wọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń ṣe é láti fi gbowó fún iṣẹ́ àánú, àwọn kan ń ṣe é láti díje, àwọn mìíràn sì ń ṣe é nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tó ti ṣe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi bẹ̀rẹ̀.

ÀJÀLÁ KÍ Ó TÓ GUN VESPA

Bí ọmọ kan bá ń rìn káàkiri jù nílẹ̀ Yorùbá, Àjàlá la máa ń pè é. Moshood Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ náà ti wá. Ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni alùpùpù Vespa tó fi rin orílẹ̀-èdè 87, ìrìn àjò tó gbà á ní ọdún mẹ́fà, tó sì kọ sínú ìwé rẹ̀, An African Abroad, tó jáde ní ọdún 1963. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1972, Ebenezer Obey fi orin kéde rẹ̀, orúkọ náà sì di ohun tí tọmọdé tàgbà ń dá.

Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ti wáyé ṣáájú. Orílẹ̀-èdè Ghana ni wọ́n bí Àjàlá sí, àmọ́ ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kàwé ní Baptist Academy l'Ékòó àti ní Ibadan Boys' High School, kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú èrò láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó rí i pé ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ adúláwọ̀ ju ohun tí wọ́n ń wò nínú sinimá lọ. Wọ́n gbà pé ìhòòhò la ń rìn, wọ́n sì gbà pé inú igbó la ń sùn.

Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, ọdún 1952, Àjàlá gbé kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ kúrò ní Chicago, ó dorí kọ Los Angeles. Ìrìn náà jẹ́ 2,280 máìlì, èyí tó tó 3,670 kìlómítà. Aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀ lọ́nà, ó sì ń dúró láti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa bí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe rí gan-an. Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje, ló dé Los Angeles. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọjọ́ 28 ló lò, èyí tó fi hàn pé ó ń rin 130 kìlómítà lójúmọ́. Ẹni tó bá mọ bí Ìbàdàn ṣe jìnnà sí Èkó yóò mọ̀ pé ọ̀nà náà ni Àjàlá ń fi ẹsẹ̀ wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ibi tí aṣálẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kò sí ọ̀nà gidi kan tó ti àárín Amẹ́ríkà lọ sí Los Angeles tí kò la ilẹ̀ gbígbẹ apá ìwọ̀-oòrùn kọjá. Aṣálẹ̀ Mojave tàbí èyí tó múlé gbè é ní gúúsù ni ẹni náà gbọ́dọ̀ gbà, inú oṣù Keje, tí ooru ibẹ̀ máa ń le jù, sì ni Àjàlá dé apá ibẹ̀. Ooru ọ̀sán níbẹ̀ lóṣù náà a máa kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú Mojave yìí ni Àfonífojì Ikú, tí wọ́n ń pè ní Death Valley, wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ooru tó ga jù lọ nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé, ìwọ̀n 56.7, ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje, ọdún 1913.

Òòrùn nìkan kọ́ ni ẹni tó bá jẹ́ adúláwọ̀ ní láti ṣọ́ra fún ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura àti ilé oúnjẹ ni kì í gba aláwọ̀ dúdú, àwọn ìlú kan sì wà tí aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ mọ́ bí òòrùn bá ti wọ̀. Kí àwọn adúláwọ̀ tó ń rìnrìn àjò lè mọ ibi tí wọ́n lè sùn tí wọ́n sì lè jẹun láìsí wàhálà, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Green Book, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní ọdún 1936 tí wọn kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di àárín àwọn ọdún 1960. Nítorí náà, ọ̀nà tó kún fún omi lè jẹ́ aṣálẹ̀ fún adúláwọ̀ nígbà náà, bí ẹni tó ni omi kò bá fẹ́ fún un mu. A kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí bí a bá ń wo ìgboyà ọkùnrin tó wọ aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀ gorí kẹ̀kẹ́ lọ́dún náà.

Ìrìn yìí ló ṣí ilẹ̀kùn sinimá fún un. Ó kópa nínú eré White Witch Doctor, tó jáde ní ọdún 1953. Ohun gbogbo kò dùn fún un lẹ́yìn náà, nítorí pé ìjọba Amẹ́ríkà lé e kúrò nílùú, àmọ́ ìyẹn kò dá ìrìn rẹ̀ dúró. Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, ọdún 1999 ló jáde láyé nílùú Èkó.

ÀWỌN Ọ̀NÀ TÓ LA SÀHÁRÀ KỌJÁ

Aṣálẹ̀ tó sún mọ́ wa jù ni Sàhárà, òun náà ló tóbi jù nínú àwọn aṣálẹ̀ gbígbóná ayé. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án kìlómítà níbùú-lóròó. Àwọn onímọ̀ a máa pe ibi tí òjò ọdún kan kò tó 250 mílímítà ní aṣálẹ̀. Ní Ìbàràpá, òjò ọdún kan lé ní 1,000 mílímítà, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín Sàhárà, òjò lè má rọ̀ rárá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn agunkẹ̀kẹ́ mọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni títì tó ti Algiers ní Algeria wá sí Èkó. Ó gba Tamanrasset, Arlit, Agadez àti Zinder kó tó wọ Nàìjíríà, ó sì wá gba Kano, Kaduna, Ìlọrin àti Ìbàdàn dé Èkó. Èyí fi hàn pé ẹni tó bá ti Ìdèrè dé Ìbàdàn ti wà lórí ọ̀nà tó lọ sí Sàhárà. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn agbésùmọ̀mí àti àwọn ajínigbé ti gbilẹ̀ ní agbègbè Sahel, àti láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje, ọdún 2023, ọ̀nà yìí ti kọjá ohun tí èèyàn lè fi ṣeré.

Ọ̀nà kejì gba etí òkun Àtìláńtíìkì, láti Morocco gba Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà àti Mauritania dé Senegal. Òun ni ọ̀pọ̀ ń gbà báyìí. Ọ̀nà yìí náà ni Kúnlé Adéyanjú, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Rotary, gbà lọ́dún 2022 nígbà tó gun alùpùpù láti London wá sí Èkó láti fi kówó jọ fún ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ó gbéra ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún. Alùpùpù tó lẹ́ńjìnnì ló gùn, síbẹ̀ iyanrìn àti ooru aṣálẹ̀ fi ojú rẹ̀ rí màbo.

Ọ̀nà kẹta wà ní ìlà-oòrùn. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń ṣe ìrìn kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tour d'Afrique, láti Cairo ní Íjíbítì dé Cape Town ní South Africa. Ó tó 12,000 kìlómítà, ó sì máa ń gbà tó oṣù mẹ́rin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń ṣe é ń la aṣálẹ̀ Sudan kọjá, kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ọdún 2023.

Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí ni Kazimierz Nowak, ọmọ orílẹ̀-èdè Poland, ti gbé kẹ̀kẹ́ wọ Áfíríkà láti Tripoli ní ọdún 1931. Ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá ní South Africa, ó sì tún yí padà, ó dé Algiers ní ọdún 1936 lẹ́yìn nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Nígbà tó ń padà bọ̀, ràkúnmí ló fi la apá tó pọ̀ nínú Sàhárà kọjá, àwọn darandaran aṣálẹ̀ ló sì ràn án lọ́wọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú nílé. Bí ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bá lè sọ̀ kalẹ̀ fún ràkúnmí, ó yẹ kí ẹlòmíràn fi ìyẹn kọ́gbọ́n.

OHUN TÍ ÒÒRÙN Ń ṢE NÍNÚ ARA

Ooru ara èèyàn tó wà ní àlàáfíà kì í jìnnà sí ìwọ̀n 37. Bí ẹni kan bá ń wa kẹ̀kẹ́, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ń mú ooru jáde. Nílé, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu ara a máa gbé díẹ̀ lára ooru náà lọ. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná ju awọ ara lọ, kò lè tu ara mọ́, ńṣe ló tún ń fi ooru kún un. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè gba èèyàn ni òógùn, nítorí pé bí òógùn ṣe ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ agbára nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ lè pàdánù lítà omi kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a mọ̀ wọ̀n ọ́n. Báàgì píọ́ wọ́tà kan, tí ọ̀rá 20 máa ń wà nínú rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi lítà 10. Báàgì kan yìí ni agunkẹ̀kẹ́ lè mu tán láàárín ọjọ́ kan nínú aṣálẹ̀. Bí kànga tó kàn bá jìnnà tó ìrìn ọjọ́ méjì, báàgì méjì ló gbọ́dọ̀ dì sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, èyí sì wúwo tó 20 kìlógíráàmù kí ó tó di oúnjẹ, aṣọ àti irinṣẹ́. Bí ẹrù bá sì ṣe ń wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń pọ̀ tó. Ìṣírò yìí ló ń bá ẹni tó ń la aṣálẹ̀ kọjá sùn tó sì ń bá a jí.

Ewu mìíràn ni pé afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ gbẹ débi pé òógùn kì í pẹ́ gbẹ lára. Ẹni náà lè rò pé òun kò làágùn, bẹ́ẹ̀ omi ti ń tán nínú rẹ̀. Àmì tó máa kọ́kọ́ rí ni iyọ̀ funfun lára aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orí fífọ́, òòyì, iṣan tó ń fà, àti ìtọ̀ tó pọ́n. Bí kò bá dúró, tí ooru inú ara rẹ̀ sì kọjá ìwọ̀n 40, yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ, ó lè dákú, ó sì lè kú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ lóko Ìbàràpá pàápàá, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe rọ omi sẹ́nu ẹni tó ti dákú.

Omi lásán kò sì tó. Òógùn ń gbé iyọ̀ jáde, ẹni tó bá sì ń mu omi lámujù láìfi iyọ̀ dípò lè ṣàìsàn gidigidi. Àdàlù iyọ̀ òun ṣúgà tí àwọn ìyá wa ń fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru wúlò fún agunkẹ̀kẹ́ náà: ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ àti ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà, tí a gé lórí dọ́gba, nínú lítà omi mímọ́ kan.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi í wa kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n á gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á dúró ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n á wá òjìji sùn sí, wọ́n á sì tún máa lọ ní ìrọ̀lẹ́. Aṣọ tó bo ara, tó sì fẹ̀ dáadáa, ni wọ́n ń wọ̀. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde nípa ìdí tí àwọn Lárúbáwá aṣálẹ̀ kan fi ń wọ aṣọ dúdú fẹ̀ǹfẹ̀ nínú òòrùn. Wọ́n rí i pé ooru tó ń dé ara ẹni tó wọ dúdú kò ju ti ẹni tó wọ funfun lọ, nítorí pé atẹ́gùn ń gba abẹ́ aṣọ fẹ̀ǹfẹ̀ náà kọjá. Aṣọ ilẹ̀ wa tí Àjàlá tìtorí iyì wọ̀, ara rẹ̀ náà lè ti jàǹfààní rẹ̀.

OMI RERE ÀTI OMI BÚBURÚ

Rírí omi jẹ́ ọ̀tọ̀, kí omi náà dára jẹ́ ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1897, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò ẹṣin lójú ogun. Wọ́n yan 20 ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní 25th Infantry, ọ̀gágun aláwọ̀ funfun kan, James A. Moss, sì ṣíwájú wọn. Láti Missoula ní Montana ni wọ́n ti gbéra ní oṣù Kẹfà, wọ́n sì dé St. Louis ní oṣù Keje, lẹ́yìn 1,900 máìlì àti ọjọ́ 41. Ibi tí ojú wọn ti rí jù ni ilẹ̀ oníyanrìn Nebraska. Iyanrìn náà kò jẹ́ kí táyà yí, nítorí náà wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ gba ojú irin rélùwéè. Omi tí wọ́n rí mu lójú ọ̀nà kò dára, ó sì dá àìsàn sí wọn lára. Òùngbẹ kọ́ ló dá àwọn akọni wọ̀nyí gúnlẹ̀, bí kò ṣe omi tí wọ́n fi pa òùngbẹ náà.

Bí ìlú kan bá wà nílẹ̀ Yorùbá tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un, Ìdèrè ni. Títí di àwọn ọdún 1980, sòbìà fojú ìlú náà rí nǹkan. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní iṣẹ́ ìlera kan ní Ìbàràpá, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, àwọn olùwádìí láti yunifásítì náà sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí sòbìà ní Ìdèrè débi pé orúkọ ìlú náà wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìlera káàkiri ayé.

Ẹ wo bí àrùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kòkòrò tín-ń-tín kan ń gbé inú omi adágún, ọmọ sòbìà sì wà nínú kòkòrò náà. Ẹni tó bá mu omi ọ̀hún kò ní mọ nǹkan kan. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni sòbìà tó gùn tó mítà kan yóò lu ara rẹ̀ jáde, lẹ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú oró bí iná. Nítorí pé ọdún kan ti wà láàárín omi àti egbò, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà gbà pé inú ara ni sòbìà ti ń wá, kì í ṣe inú omi. Àsìkò iṣẹ́ oko ló sì sábà máa ń yọ. Àgbẹ̀ tó ní kẹ̀kẹ́ tuntun nílé kò ní lè gbé ẹsẹ̀ lé e.

Ohun tó ṣẹ́gun rẹ̀ kì í ṣe oògùn, nítorí pé kò sí oògùn tó ń wò ó. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, kànga tó dára, àti ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n yàn láàárín ará ìlú ń kọ́ àwọn èèyàn wọn ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà lápapọ̀ ní òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọdún 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni agunkẹ̀kẹ́ ń gbé wọ aṣálẹ̀. Kànga aṣálẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ràkúnmí àti ewúrẹ́ ti ń mu omi. Ẹni tó gbọ́n yóò sẹ́ omi náà, yóò sì sè é tàbí kí ó fi oògùn apakòkòrò sí i, bí òùngbẹ tiẹ̀ ń gbẹ ẹ́ tó báwo.

KẸ̀KẸ́ FÚNRA RẸ̀

Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa rì sínú iyanrìn. Táyà tó fẹ̀, tí wọn kò fún ní afẹ́fẹ́ púpọ̀, ló ń lè gun orí rẹ̀. Ẹ̀gún igi kaṣíà ilẹ̀ gbígbẹ lè lu táyà ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, kò sì sí ẹni tó ń lẹ táyà ní ẹ̀bá ọ̀nà, nítorí náà ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́, kí ó sì ní túúbù àti pọ́ńpù lọ́wọ́. Iyanrìn a máa jẹ ṣéènì bí ayùn. Òróró tó bá pọ̀ jù lára ṣéènì ń fa iyanrìn mọ́ra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń nù ún gbẹ.

Atẹ́gùn náà tún wà níbẹ̀. Ọyẹ́ tó ń wá sọ́dọ̀ wa láti àríwá ìlà-oòrùn, inú Sàhárà ló ti ń wá. Ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí àríwá lákòókò ọyẹ́, àfojúkojú ni yóò máa bá atẹ́gùn náà pàdé, ìrìn wákàtí méjì sì lè di ti wákàtí mẹ́rin. Bí ìrìn bá sì ti pẹ́ sí i báyìí, omi tí wọ́n ti ṣírò kò ní tó mọ́. Ohun gbogbo nínú aṣálẹ̀, orí omi náà ló ń já sí.

ỌMỌ GUINEA TÓ Ń WÁ Ẹ̀KỌ́

Ìtàn tó kẹ́yìn yìí kò tíì pẹ́. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 25 kan, Mamadou Safayou Barry, gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Guinea. Yunifásítì Al-Azhar ní Cairo ló fẹ́ lọ, láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Kò lówó ọkọ̀ òfúrufú. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ láti lọ wá ohun tó ń wá.

Ó gba Mali, Burkina Faso, Togo àti orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, ó sì tún gba Niger dé Chad. Ooru Sahel ni ó ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbà, láàárín àwọn ìlú tí ìjà àti ìbẹ̀rù ti sọ àjèjì di ẹni ìfura. Wọ́n tì í mọ́lé ní Burkina Faso àti ní Togo. Nígbà tó dé Chad, akọ̀ròyìn kan fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì gbé ìtàn rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹlẹ́yinjú àánú tó kà á ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú fún un lọ sí Íjíbítì, kí ó má baà gba inú ogun Sudan kọjá. Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹsàn-án ló dé Cairo, Al-Azhar sì gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn oníròyìn ka ìrìn rẹ̀ sí 4,000 kìlómítà láàárín oṣù mẹ́rin.

Àwọn kan lè sọ pé kò fi kẹ̀kẹ́ parí rẹ̀. Lójú tiwa, ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ ti hàn jù. Ẹ̀kọ́ ló ń lọ wá, kì í ṣe òkìkí, ẹni tó bá sì mọ ohun tí òun ń wá kò ní tìtorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn kí ó kú sójú ọ̀nà.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Bí a bá kó gbogbo ìtàn wọ̀nyí jọ, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Kò sí ẹni tó fi agbára ẹsẹ̀ nìkan la aṣálẹ̀ kọjá. Nowak rí àwọn darandaran, Barry rí akọ̀ròyìn àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, Àjàlá náà kò sì lè rin ọjọ́ 28 láìsí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Omi àti èèyàn ló ń gbé agunkẹ̀kẹ́ kọjá. Kẹ̀kẹ́ kàn ń yí ni.

A sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa. Kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà wọ Sàhárà, bí kò ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ àwọn tó ń kó èèyàn lọ sí Líbíà àti Algeria, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi kan lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, wọ́n rí òkú èèyàn 92 nínú aṣálẹ̀ Niger, lẹ́bàá ẹnubodè Algeria. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́, òùngbẹ ló sì pa wọ́n. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ti ṣírò omi rẹ̀ kó tó gbéra, ó sì lè yí padà nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ti fi ìṣírò náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ọmọ kan ní Ìdèrè, ní Èrúwà tàbí ní Lànlátẹ̀ bá sọ pé òun fẹ́ ṣe bí Àjàlá, kí ẹnikẹ́ni má fi í rẹ́rìn-ín. Kí a bi í léèrè ohun tó ń wá lọ, ọ̀nà tó fẹ́ gbà, ìwé àṣẹ tó ní, àti iye lítà omi tó wà láàárín ibi tó wà àti ibi tí kànga tó kàn wà. Bó bá lè dá àwọn ìbéèrè náà lóhùn, a jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà láti ilé.